Òdòdó Tí Mo Fi Dí Ẹnu Ògiri

Ẹ fi àbẹ́là yẹn sílẹ̀ ná, ẹ má tíì ṣáná sí i. Rúkà ọmọ mi, ìwọ àti Bísọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ, ẹ wá jókòó sórí rọ́ọ̀gì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ yìí kí n bá yín sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ lẹ ní kí n wá ṣe, ẹ ò ní kí n wá rojọ́. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ tí mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin ní Balbriggan, tí mo tún wọ bọ́ọ̀sì dé Lucan níbí, ìbòrí tìmùtìmù mẹ́fà ni mo ti rán fún yín. Ọwọ́ ti ṣe tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnu náà ṣe tirẹ̀.

Ilé tí ẹ háyà yìí dára, n ò ní purọ́. Iná wẹ́wẹ́ tí ẹ fi yí fèrèsé ká dára. Aṣọ onírun tí ẹ jù sórí àga, bó tilẹ̀ ń mú mi sín, ó dára. Ẹ fẹ́ kí òtútù ọdún yìí bá yín nínú ooru, ẹ jàre. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ yàrá Rúkà lọ́sàn-án láti wọn fèrèsé, mo gbójú sókè, mo rí táwẹ́lì kan tí ó ká róbótó, tí ó kì bọ ihò ara ògiri. Mo ní, "Rúkà, kí nìyí?" Ó ní, "Ah Mam, it's grand. It's only to keep the cold out." Ni mo bá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó sáré lọ bu omi wá, ó rò pé àtẹ̀gùn tí mo gùn ló rẹ̀ mí. Kì í ṣe àtẹ̀gùn. Ìtìjú ni. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń sá fún un, mi ò mọ̀ pé ó ti ṣáájú mi dé Lucan.

Ẹ̀yin méjèèjì ò mọ Ballymun tí a kọ́kọ́ gbé nígbà yẹn. Ilé gíga gíga ni, wọ́n ti wó o pátá báyìí. Àsìkò tí owó ń ṣàn ní Áílàǹdì ni, tí wọ́n ń fi ìlú wọn wé ẹkùn, tí kò sí ibi tí èèyàn yíjú sí ní Dublin tí kò rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Lífítì wa a máa kọṣẹ́, àtẹ̀gùn a sì máa rùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ilé yẹn gbóná! Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń rán ooru sókè sí gbogbo wa, kò sí ibi tí a ti lè pa á, kò sí ibi tí a ti lè dín in kù. Yìnyín á máa bọ́ níta, àwa á wà nínú ilé láìwọ bàtà, fèrèsé á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn obìnrin á na ẹsẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín ara wọn.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn ni mo máa ń gbé abọ́ ìyẹ̀fun pọfupọ́ọ̀fù sí kí ó lè wú kíá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá Rúkà dìde fún ìrun àsùbáà, kò tan iná, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wọ inú abọ́ náà dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó pariwo "Subhanallahi!" débi pé àwọn tó wà lókè wa gbọ́. Ó tún àlùwàlá ṣe, ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló sọ fún un pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń pa irú ìyẹn mọ́ra? Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé ló ti ń kí i pé, "Alhaji, ẹ kú iṣẹ́ búrẹ́dì o."

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé náà, a háyà ilé ní Balbriggan, ní èsíteètì tuntun. Ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn. Hẹ̀n-ẹ́n! Òtútù ọdún àkọ́kọ́ níbẹ̀, ojú wa rí nǹkan. Ilẹ̀ tútù, omi ẹ̀rọ tútù, afẹ́fẹ́ òkun á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Ohun tó sì yà wá lẹ́nu jù ni pé yàrá kọ̀ọ̀kan ní ihò róbótó kan lára ògiri, ó já síta, wọ́n fi ike olójú wẹ́wẹ́ bò ó. Irú èyí tó wà ní yàrá Rúkà yìí gẹ́lẹ́. A ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Àwa tí a ti ilé gbígbóná bọ̀, a ní ẹni tó kọ́lé sí ìlú òtútù tó wá dá ihò sí i lára, orí onítọ̀hún ò pé. Mo tilẹ̀ fi òwe ti ara mi lẹ́yìn. Mo ní, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Mo ní èmi á pa ẹnu ògiri tèmi dé.

Báyìí ni wíwọṣọ fún ilé ṣe di nǹkan ńlá láàárín wa. Tí wọ́n bá ti yí aago ìlú padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní ìparí oṣù kẹwàá, tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ní aago márùn-ún, obìnrin kọ̀ọ̀kan á dojú kọ pálọ̀ rẹ̀. A ó lẹ pépà olódòdó mọ́ ògiri. A ó ta kọ́tìnì ní ìpele mẹ́ta sí fèrèsé, a ó tún ta òmíràn sí ẹnu ilẹ̀kùn. Àga á wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá láti ìsọ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bọ́ ọ. Bí o bá jókòó, ó ń ké, bí o bá dìde, ó ń ké. Òdòdó oníke, inú omi ọṣẹ la ti ń fọ̀ ọ́. A ní aago kan tó ń pe ìrun, àkókò Mẹ́kà ló ń tẹ̀ lé, torí kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Òun náà á máa pè é lọ, àwa náà á máa dá a lóhùn pé a ti gbọ́.

Tí ẹnì kan bá parí tirẹ̀, àwa yòókù á lọ kí pálọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é. A ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a ó wọlé, a ó ní, "Ẹ kú ìnáwó o. Ooru ilé yìí tù wá lára." Onílé á ní rárá o, kò tíì parí, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ń dán. Tíì á wá, mílíìkì inú agolo á wá, ẹran díndín á wá. Lónìí ńkọ́? Fóònù lẹ fi ra gbogbo èyí. Fóònù náà lẹ sì máa fi ya á, àwọn tí kò ní mu omi nílé yín láéláé á tẹ ọkàn pupa sí i. Mi ò bú yín o. Ó kàn ń ṣe mí bíi kí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

Èmi ni mo ń rán kọ́tìnì fún gbogbo wọn. Bí oṣù kẹwàá bá ti dé, ìró maṣíìnì mi ò ní sinmi ní Balbriggan. Èmi náà ni mo ṣe òdòdó. Mo gé sátíìnì róbótó, mo fi fóòmù sínú rẹ̀, mo ṣẹ́ ẹ létí po yí ká títí ó fi dà bí òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, mo wá kì í bọ ihò ògiri yẹn, ó há síbẹ̀ pinpin. Afẹ́fẹ́ ò lè wọlé, ògiri sì gba ẹwà. Àwọn obìnrin pariwo! Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ń bẹ̀ mí. Mo ṣe é fún àwọn ará Balbriggan, mo ṣe é fún àwọn ará Lucan níbí. Ẹni tí kò bá ní òdòdó mi lára ògiri, à ń wò ó pé ilé rẹ̀ ò tíì parí. Mo gbéra ga, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọdún yẹn náà ni mo bí Rúkà. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo ti rò pé ó ti tán. Ìyá mi wá láti Ṣágámù láti wá wẹ ọmọ fún mi. Oníṣòwò obì ni ìyá mi, obì gbànja, agbọ̀n lórí agbọ̀n, láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọge. Obì yẹn ló rán mi níwèé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, mo ti sọ fún àwọn obìnrin Balbriggan pé tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí nígbà náà nítorí obì. Ojú ń tì mí báyìí nítorí ojú tó tì mí. Nígbà tí obìnrin kan wá kí wọn pé, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ tíṣà ọjọ́sí o," ìyá mi wò mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "A dúpẹ́ o, ọmọ mi." Láti ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n ti mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n dé, wọ́n jókòó sí pálọ̀ mi, wọ́n ń fimú fínlẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Rúkà, ilé yìí ń bu o."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, obì ló ń bu. Ilé kì í bu."

Wọ́n ní, "Ohunkóhun tó bá ń làágùn tí kò rí afẹ́fẹ́, á bu. Wo ojú fèrèsé rẹ." Lóòótọ́, gbogbo àràárọ̀ ni omi ń ṣàn lójú fèrèsé. Aṣọ ọmọ la ń sá sórí irin gbígbóná ara ògiri, ọbẹ̀ ń hó ní kíṣíìnì láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì sí ibi tí ọrinrin náà lè gbà jáde. Ìyá mi ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Wọ́n ní bí o bá di obì sínú agbọ̀n, tí o fi ewé bò ó, o ò gbọdọ̀ gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Kí ọjọ́ mélòó kan tó pé, o ó ṣí i, o ó tú u sílẹ̀, o ó ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀, o ó jẹ́ kí ó mí. Wọ́n ní, "Agbọ̀n tó bá dì pinpin jù, òun ló ń ba ọjà jẹ́." Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé dìde dúró, kò lè rí i. Èmi náà dìde dúró, orí mi kan òrùlé, mi ò rí nǹkan kan.

Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á pọn Rúkà sẹ́yìn, wọ́n á fi aṣọ òtútù bò ó dáadáa, wọ́n á ṣí fèrèsé pálọ̀ díẹ̀, wọ́n á máa ka tẹ̀súbáà wọn. Èmi á sọ̀kalẹ̀ wá, màá pa á dé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún ṣí i, èmi náà á tún pa á dé. Nígbà tó yá, Rúkà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ ọmọ kékeré burú, ó ń ró nínú àyà rẹ̀ bí omi tó kù nísàlẹ̀ kẹ́tùrù. Mo ní ẹ ò rí i? Mo ní fèrèsé ni. Mo wá fi ìṣó kan fèrèsé pa. Ìyá mi wo ìṣó náà, wọ́n ní, "Ó dáa."

Iléyá ọdún yẹn bọ́ sí àárín òtútù. Àwọn obìnrin wá kí wa, wọ́n sì fi kíkí pálọ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n kún inú ilé, àga ń ké lábẹ́ wọn, wọ́n ń yin kọ́tìnì mi. Mo lọ gbé ẹran wá láti kíṣíìnì. Ìgbà tí mo padà dé, ìyá mi ni mo rí tí wọ́n gun orí àga onígi, Rúkà ń bẹ lẹ́yìn wọn, ó ń wúkọ́. Sísọ́ọ̀sì mi ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Àga náà ń mì. Gbogbo àwọn àlejò jókòó, wọ́n ń wò wọ́n, kò sẹ́ni tó dìde. Ìyá mi ki sísọ́ọ̀sì bọ ẹ̀gbẹ́ òdòdó mi, wọ́n yọ ọ́ jáde, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n ní, "Wò ó, ìyá Rúkà. Wo ohun tí ọmọ yìí ń fà símú."

Láti ogún ọdún ni mo ti ń sọ fún ara mi pé n ò rí i. Mo ní ojú àwọn àlejò ni mo ń wò. Irọ́ ni. Mo rí i. Mo rí i kedere, ṣùgbọ́n òdòdó yẹn ń bẹ lára ògiri gbogbo àwọn obìnrin tó jókòó síbẹ̀, èmi ni mo sì kì í bọ ibẹ̀. Ìbínú ló yá mi lẹ́nu. Mo pariwo, mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ mi ni? Ẹ ò rí ọmọ ẹlòmíì pa, àfi èyí tí mo fi ojú ogójì ọdún bí?"

Ẹyin lohùn; bó bá bọ́, kì í ṣe é ṣà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí, tí èèyàn bá sọ ọ́ sí obìnrin arúgbó tí ọmọ ń ṣàìsàn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àlejò mọ̀. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan fa ọmọ tirẹ̀ mọ́ra. Ìyá mi rọra sọ̀kalẹ̀ lórí àga. Wọ́n tú Rúkà sílẹ̀, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti wí tèmi." Wọ́n lọ sí yàrá wọn. Bí àwọn àlejò ṣe ń lọ, mo rán òdòdó mìíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo kì í bọ ihò náà.

Ìyá mi ò pé oṣù tí wọ́n bá wá. Wọ́n ní obì àwọn ń dúró de àwọn. Bàbá Rúkà bẹ̀ mí. Ó ní, "Ìyá tó bí ẹ ni. Lọ kúnlẹ̀." Mi ò kúnlẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, òun ló fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú. Èmi ń bẹ nídìí maṣíìnì, mo ń rán kọ́tìnì oníkọ́tìnì. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú kóòtù tí wọ́n yá wọn, wọ́n ní, "Mo ń lọ o." Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi. Orí ni mo mì sí wọn. Mi ò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì.

Ẹni tó ń ṣí fèrèsé ti lọ, ṣé kò yẹ kí ikọ́ náà lọ? Ṣe ló le sí i. Wọ́n dá Rúkà dúró sí ọsibítù. Dókítà bi mí bóyá ilé wa lọ́rinrin. Mo ní rárá o, ilé mi gbóná, ó dára, ìyá mi arúgbó ló ń ṣí fèrèsé lórí ọmọ láràárọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lójú mi kòrókòró ló ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí òdòdó yẹ́lò ń yọ létí títì, pépà pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára ògiri fúnra rẹ̀. Onílé rán òṣìṣẹ́ kan wá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń súfèé. Ó ká pépà sókè, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú láti òkè délẹ̀. Ó yọ òdòdó mi. Ó ní ilé náà ò rí ibi mí. Ọ̀rọ̀ ìyá mi gan-an, lẹ́nu òyìnbó! Ó bi mí pé ta ló dí ihò. Mo ní àwọn tó gbé ibẹ̀ ṣáájú wa ni. Ó wo òdòdó náà síwá sẹ́yìn, ó ní ẹni yòówù kó rán an, ó mọ iṣẹ́ o. Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà, màá wọ̀ ọ́.

Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo gba òdòdó mi padà. Ẹ mọ ohun tí mo sọ fún wọn? Mo ní sítáì yẹn ti kọjá. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní mo mọ ohun tó wà lóde. Inú ọ̀rá dúdú ni mo kó wọn sí. Mi ò sọ fún ẹnì kankan pé òdòdó náà burú, mi ò sì sọ pé ìyá mi jàre. Ikọ́ Rúkà dín kù, kò lọ tán. Inhélà búlúù tó ń fà sẹ́nu kó lè mí, tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín ní kíṣíìnì yẹn, mo máa ń rí i bí mo bá ń wá ṣúgà.

Rúkà, ìwọ náà mọ ìtàn tí mo fi tọ́ ọ. Ìgbàkígbà tí o bá bi mí pé kí ló dé tí o ò lè sá eré bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ, mo ní òtútù wọ̀ ọ́ láyà nígbà tí Grandma ṣí fèrèsé. O gbà mí gbọ́. Èmi ni ìyá rẹ, ta ni ìwọ ìbá tún gbà gbọ́?

Nísinsìnyí, ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Nígbà tí o tó ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ìyá mi máa ń pè wá lọ́jọọjọ́ Àìkú láti Ṣágámù, wọ́n á kí mi, wọ́n á ní kí n gbé ọ sórí fóònù, bí ẹni tí kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kan o gba fóònù, o ní, "Grandma, why did you make me sick?" Ìyá mi ò gbọ́ òyìnbó. Ìwọ náà ò tíì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ìyá mi ní, "Kí ló wí?"

Mo lè sọ pé o ń kí wọn. Mo lè sọ òótọ́ fún ẹ̀yin méjèèjì níbẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé, "Màmá, ó ní kí ló dé tí ẹ fi ṣí fèrèsé tí àìsàn fi ṣe òun?"

Mo gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn wọn ní àgbàlá. Mo ti ń dúró de ìbínú wọn, mo tilẹ̀ fẹ́ ẹ, ká ní wọ́n bínú ni, ọ̀rọ̀ náà ìbá tú síta. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé kó má bínú. Sọ fún un pé ìyá àgbà ò mọ̀ ni."

Ìyá mi, tí wọ́n mọ̀ ju gbogbo wa lọ! Mo yíjú sí ọ, mo ní, "She says sorry. She didn't know." O ní, "It's okay, Grandma." O sá lọ ṣeré. Ẹnu mi ló gbé ẹ̀sùn lọ, ẹnu mi náà ló gbé ẹ̀bẹ̀ bọ̀, èmi tí mo jẹ̀bi dúró láàárín, mi ò ní ẹ̀bẹ̀ kankan láti bẹ̀. Wọ́n gbà á sórí ara wọn kí ojú má bàa tì mí níwájú ọmọ mi. Ọdún náà ò pé tí àwọn ará Ṣágámù fi pè mí pé ìyá mi ti sùn.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó ti bá mi. Rúkà, ìyá àgbà rẹ ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Èmi ni. Mo fẹ́ kí ilé mi rẹwà ju kí n gbọ́ràn lọ. Mi ò ní kí o má bínú o. Bí o bá fẹ́ bínú, bínú, mo jókòó síbí.

Níbo lò ń lọ? Rúkà? Dá mi lóhùn.

Táwẹ́lì? Ó dáa. Lọ yọ ọ́. Ihò yẹn ga, mú àga onígi kan dání. Bísọ́lá, dìde, tẹ̀ lé e lọ, bá a di àga mú. Kò sẹ́ni tó bá ìyá mi dì í mú.